Aṣọ Tó Mọ Ilẹ̀: Máàpù, Àdìrẹ àti Ìtàn Lekki títí dé Ajah

  Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lẹ ti ń gbọ́ wa lónìí, mo mọ̀ pé àyè máa wà dáadáa láti gbọ́ ètò yìí tán kí ẹ tó délé. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá dúró lábẹ́ bíríìjì Ajah láàárọ̀ kùtù, ohùn kọ̀ńdọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kọ̀ńdọ́ á so mọ́ ilẹ̀kùn dánfó, á máa ké pé: Ikota! Chevron! Agungi! Jakande! Ikate! Sandfill! Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ lè má fetí sí i ju ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i dáadáa lọ́jọ́ kan. Ìtàn ni kọ̀ńdọ́ yẹn ń kà. Ikota jẹ́ abúlé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ́sítéètì. Chevron ni iléeṣẹ́ epo rọ̀bì tó kọ́ ọ́fíìsì síbẹ̀. Jakande ni gómìnà tó jẹ ní Èkó láti 1979 di 1983, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn ilé tó kọ́ fún mẹ̀kúnnù. Ikate ni ìlú àwọn Elegushi. Sandfill ńkọ́? Omi ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, iyanrìn ni wọ́n dà sí i kó tó di ilẹ̀. Nínú orúkọ mẹ́fà péré, kọ̀ńdọ́ ti ka abúlé, iléeṣẹ́ òyìnbó, ìjọba, ọba àti omi tí wọ́n sọ di ilẹ̀. Máàpù ni ohùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí bébà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ máàpù la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti fóònù, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Máàpù orí aṣọ ni: èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà, tàbí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán, tàbí tí wọ́n fi àjákù oríṣiríṣi lẹ̀ pọ̀ di odidi. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé: ta ló ni ẹ̀tọ́ láti yàwòrán ilẹ̀ tí a ń gbé? Bí ẹlòmíràn bá sì yà á, tí kò fi tiwa sí i, kí la lè ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo máàpù tí wọ́n yà sórí bébà.

Ní 1885, awọnlẹ̀ ìjọba kan tó ń jẹ́ W. T. G. Lawson ya máàpù ìlú Èkó. Ó ya òpópónà, ó ya ilé, ó kọ orúkọ àdúgbò. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń lò ó títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ yà á? Ìpàtẹ ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886 ni, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pàtẹ ohun tó wà ní àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso. Ará Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ní lọ́kàn pé kó wo Èkó lórí bébà. Ìyá tó ń ta ẹja ní etí ọ̀sà, tí ilé rẹ̀ wà nínú àwòrán náà, kò sí lára àwọn tí wọ́n pè wá wò ó.

Ti ìhà Lekki ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ní ìparí ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, ó sì lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 1854, òun àti kọ́ńsùlù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà láti má ṣe dààmú Èkó mọ́, àwọn náà sì gbà pé Palma ni èbúté tirẹ̀, létí òkun níhà Lekki. Ní 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà, Palma àti Lekki bọ́ sí wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ìwé ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ láyé ìgbà náà. Ẹni tó lè kọ orúkọ ibì kan sórí bébà, tó sì ní ìbọn lẹ́yìn, òun náà ló ni ibẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbí o. Lekki tí à ń wí nínú ìtàn yìí kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Lekki lónìí. Ìlú Lekki gan-an wà lọ́hùn-ún níhà ìlà-oòrùn, ní Ìbẹ́jú-Lekki, nítòsí ibi tí wọ́n kọ́ èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2023. Orúkọ yẹn ló rìnrìn-àjò. Ó rin ojú ọ̀nà wá sí ìwọ̀-oòrùn, ó wá jókòó sórí Phase 1, ó jókòó sórí Ikate, ó jókòó sórí Agungi. Lónìí, bí ẹnìkan bá ní Lekki lòun ń gbé, ó lè jẹ́ ilẹ̀ Elegushi ló wà, ó lè jẹ́ ilẹ̀ Oniru. Àwọn ìjòyè Ìdéjọ, onífìlà funfun tó ni ilẹ̀ Èkó, mọ ààlà wọn. Olumegbon mọ tirẹ̀ ní Ajah, Elegushi mọ tirẹ̀, Oniru mọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orí pátákó tí wọ́n fi ń polówó ilé, Lekki ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo ti bo ogún orúkọ mọ́lẹ̀.

Kí la wá ní tiwa? Ṣé àwọn baba ńlá wa àti àwọn ìyá ńlá wa kò ní máàpù ni? Wọ́n ní in. Àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí lórí bébà. Ó wà nínú oríkì, ó wà nínú orúkọ. Etí-Ọ̀sà fúnra rẹ̀, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, máàpù ni. Ó ń sọ fún yín pé etí omi lẹ wà, kí ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn yé kò yẹ kó yà á lẹ́nu nígbà tí òjò bá rọ̀ tí omi bá wọlé. Máàpù wa tún wà lórí aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aṣọ òyìnbó funfun ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdajì méjì tí wọ́n rán pọ̀, yáàdì márùn-ún lápapọ̀. Láfún ni wọ́n ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi di ẹ̀kọ. Ìyá aládìrẹ á wá pín ojú aṣọ náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kan, bí ìgbà tí èèyàn bá pín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì. Á ki ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ, á sì máa ya ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbẹ tán, inú aró ni ó kàn. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe aró, omi eérú ni wọ́n sì fi ń pò ó. Wọ́n á rì í, wọ́n á fà á yọ, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n á tún rì í. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè wọ ibẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá họ ẹ̀kọ náà kúrò, àwòrán á yọ. Iṣẹ́ obìnrin ni, Ìyá Màpó sì ni òrìṣà tí àwọn aláró ń bọ, nítorí òun ló ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin.

Nínú gbogbo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ti ṣe, ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìbàdàndùn. Ẹ ti rí i rí, bóyá lára ìyá yín àgbà, bóyá lórí ògiri. Lójú kan nínú rẹ̀, ẹ ó rí òpó, òpó, òpó tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Òpó gbọ̀ngàn Màpó ni, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè, ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn. Láàárín òpó kan sí èkejì, kí lẹ rò pé ìyá aládìrẹ yà síbẹ̀? Ṣíbí! Òpó kan, ṣíbí kan, òpó kan, ṣíbí kan. Ní àwọn ojú yòókù, ẹ ó rí ẹyẹ, ẹ ó rí ewé.

Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká rò ó. Ìjọba òyìnbó kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kí gbogbo ará ìlú lè máa gbójú sókè wò ó. Ìyá kan tó jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá rẹ̀ wo gbọ̀ngàn náà, ó sì rí i pé ara ìlú òun ni. Ó gbé e sórí aṣọ. Ṣùgbọ́n kò dá gbọ̀ngàn nìkan yà. Ó mú ṣíbí láti ilé ìdáná, ó fi sí àárín òpó ìjọba. Níbi tí ẹ̀mí tirẹ̀ wà, Ìbàdàn kì í ṣe gbọ̀ngàn nìkan. Ìbàdàn ni oúnjẹ, Ìbàdàn ni ẹyẹ tó ń ké láàárọ̀. Ẹ kò lè fi Ìbàdàndùn wá ọ̀nà láti Dùgbẹ̀ dé Ọjà Ọba, torí kò wọn ilẹ̀. Ohun tó wọ̀n ni ohun tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kà sí. Awọnlẹ̀ ò lè fún yín nírú rẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé àwọn ìyá wọ̀nyẹn ò mọ ohun tó ń lọ láyé. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwòrán ọba àti olorì bọ́ sórí àdìrẹ, wọ́n pe aṣọ náà ní Olọ́ba. Bí ìròyìn ṣe ń dé ni aṣọ ń gbà á. Èyí ló mú kí Jane Barbour àti Doig Simmonds kó àkọsílẹ̀ jọ lórí àdìrẹ nínú ìwé tí Yunifásítì Ìbàdàn gbé jáde ní 1971, torí wọ́n rí i pé bí àwọn tó mọ orúkọ ojú kọ̀ọ̀kan bá kú tán, aṣọ á wà, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tó lè kà á mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa padà sí Lekki. Ibẹ̀ lónìí ni ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jọ sí jù lọ ní ilẹ̀ wa wà: Nike Art Gallery, ní Ikate, níhà Elegushi. Ilé alájà márùn-ún ni, tí wọ́n ní iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀ tó nǹkan bí 8,000. Wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ni ín ni Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Nike.

Ọdún 1951 ni wọ́n bí Màmá Nike ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n nígbà tí ìyá wọn kú. Ọwọ́ ìyá ìyá wọn àgbà ni wọ́n dàgbà sí, aláṣọ-híhun àti aládìrẹ sì ni ìyá náà. Wọn kò lọ sí yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìdí ìkòkò aró ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n dé Òṣogbo, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tí Ulli Beier, Susanne Wenger àti Georgina Beier ràn lọ́wọ́ ti ń gbilẹ̀. Ní 1974, wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ ní iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tí wọ́n padà wálé, ohun tí wọ́n rí lọ́hùn-ún kò kúrò lọ́kàn wọn: pé ohun tí a kà sí iṣẹ́ òtòṣì nílé, ẹlòmíràn ń sanwó láti kọ́ ọ. Ní 1983, wọ́n dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n ń kọ́ ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2009, ilé ńlá ti Lekki ṣí.

Bí ẹ bá wọ ilé yẹn, ẹ ó rí àdìrẹ Olókun, ẹ ó rí Ìbàdàndùn, ẹ ó rí àwòrán tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀, bébà, òwú àti àjákù irin ṣe. Àdìrẹ Olókun ní Lekki! Òkun wà lápá ọ̀tún, ọ̀sà wà lápá òsì, aṣọ Olókun wá wà láàárín. Ó bá ibẹ̀ mu ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣètò rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá jáde síta, tí a wo ilẹ̀ tó yí wa ká, ọ̀rọ̀ á yí padà. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí.

Láyé òyìnbó, ní 1948, ìjọba gba ilẹ̀ tó di Victoria Island lọ́wọ́ ìdílé Oniru nípasẹ̀ àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, wọ́n sanwó gbà-má-bínú. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kó lọ sí Maroko. Maroko gbòòrò, ó kún fún apẹja, bíríkìlà, télọ̀, tíṣà, ọlọ́pàá, àtàwọn tí Èkó kò rí àyè gbà mọ́. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Raji Rasaki, fún wọn ní ọjọ́ méje péré láti kó kúrò. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katapílà wọlé. Àwọn tí wọ́n lé jáde tó nǹkan bí 300,000 gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n sábà máa ń sọ. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ilasan, Ikota àti Ẹ̀pẹ́. Àwọn yòókù, kálukú wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Lónìí, ilé ọlọ́lá ló wà lórí ilẹ̀ náà. Orúkọ Maroko ṣì wà lára àgọ́ ọlọ́pàá kan. Àgọ́ ọlọ́pàá ló jogún orúkọ ìlú.

Ẹ wò ó, àwọn tó kúrò ní Victoria Island lọ sí Maroko, àwọn ọmọ wọn náà ni wọ́n tún lé kúrò ní Maroko. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ya máàpù tí kò fi wọ́n sí i.

Kò tán síbẹ̀. Láàárín oṣù Kọkànlá 2016 àti oṣù Kẹrin 2017, wọ́n wó Otodo Gbame, abúlé àwọn apẹja Ègùn létí ọ̀sà ní Lekki. Èèyàn tó lé ní 30,000 ló pàdánù ilé. Ní oṣù Kẹfà 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí òfin. Àmọ́ nígbà tí ẹjọ́ máa fi jáde, iyanrìn ti bo ilé.

Bí ẹ bá tẹ orúkọ wọn sínú fóònù, ẹ lè rí ojú ewé ìròyìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí máàpù, ọ̀nà tí ẹlẹ́ja ń gbà lọ sọ́jà kò sí níbẹ̀ mọ́, kànga kò sí, igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ kò sí. Ìyẹn ló mú mi sọ pé ọ̀rọ̀ ìpàtẹ aṣọ àti máàpù kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nìkan ní ilẹ̀ wa yìí.

Ní ibòmíràn láyé, wọ́n ti rí agbára tó wà nínú kí èèyàn gbé máàpù sórí aṣọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì tẹ máàpù sórí sílíìkì fún àwọn awakọ̀ òfuurufú wọn, kí ẹni tó bá já sáàárín ọ̀tá lè fi wá ọ̀nà ilé. Sílíìkì kì í dún bí bébà tí wọ́n bá ká a sínú aṣọ, omi kì í sì í bà á jẹ́. Èyí tún wù mí ju ìyẹn lọ: láti 1971, ayàwòrán ará Ítálì kan, Alighiero Boetti, gbé iṣẹ́ fún àwọn obìnrin ilẹ̀ Afghanistan pé kí wọ́n máa fi òwú rán máàpù àgbáyé fún òun, kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ àsíá rẹ̀. Nígbà kan, aṣọ dé, ó rí i pé òkun kì í ṣe búlúù mọ́. Píǹkì ni! Afghanistan kò ní etí òkun, òwú píǹkì ló sì pọ̀ nílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà. Boetti kò ní kí wọ́n tú u. Ó rí i pé ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú ló ni ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn.

Nílé wa ní Èkó níbí náà, Wura-Natasha Ogunji ń fi òwú rán àwòrán sórí irú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ayàwòrán ilé fi ń ṣiṣẹ́. Bébà tí wọ́n fi ń pinnu ibi tí ògiri máa dúró sí ni òun fi abẹ́rẹ́ gún, tí ó sì fi èèyàn sí i.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín á máa sọ báyìí pé, ‘Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n ṣé àdìrẹ lè dá katapílà dúró?’ Rárá, kò lè dá a dúró. N kò ní parọ́ fún yín. Bí ẹ bá dé kóòtù, ìwé ilẹ̀ àti àwòrán awọnlẹ̀ ni adájọ́ máa bèèrè, kì í ṣe ìpèlé. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Makoko ní 2019 fi ṣe pàtàkì. Code for Africa àti àwọn tó ń ṣe máàpù ọ̀fẹ́ OpenStreetMap kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń fò dúróònù àti bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọ̀nà omi wọn sílẹ̀. Títí di ìgbà náà, ojú omi lásán ni ọ̀pọ̀ máàpù fi hàn níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé. Irú máàpù bẹ́ẹ̀ la nílò, ká má tàn ara wa.

Ṣùgbọ́n máàpù dúróònù á fi òrùlé hàn, kò ní fi ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn. Á sọ pé ilé wà níbí, kò ní sọ pé ibí ni wọ́n ti máa ń yan ẹja. Òpó nìyẹn. Ta ló máa ya ṣíbí?

Èyí ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Ẹ̀yin tó wà ní Ajah, Badore, Langbasa, Sangotedo, Ikota, Ilasan, ẹ jẹ́ ká ṣe ìpàtẹ tiwa. Kò ní ná wa ní owó ńlá. Aṣọ funfun kan yáàdì márùn-ún la nílò fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ká pín in sí ojú mẹ́rin-mẹ́rin bí àwọn ìyá aládìrẹ ṣe ń ṣe. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba ojú kan. Ẹni tó mọ ìyẹ́ adìẹ lò, kó yà. Ẹni tó jẹ́ télọ̀, kó rán. Ẹni tí kò mọ èyíkéyìí, kó lẹ ohun tó wà nílé rẹ̀ mọ́ ọn: àjákù ankará, àwọ̀n ẹja tó ti gbó, àpò sìmẹ́ǹtì, ọ̀rá omi píọ̀wọ́tà.

Kí la máa yà? Ẹ má kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà ọlọ́dà. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn pé, ‘Bàbá, níbo ni èbúté ọkọ̀ ojú omi wà kí wọ́n tó la ọ̀nà yìí? Ìyá, kànga wo lẹ ti ń pọnmi nígbà tí ẹ wà lọ́mọge? Kí ni wọ́n ń pe ibi tí ẹ́sítéètì yìí wà tẹ́lẹ̀? Ibo ni omi máa ń gbà kọjá kí wọ́n tó dí i?’ Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn nìkan lè ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń wọ yàrá yín lọ́dọọdún. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, lẹ́yìn náà kí ẹ tó yà á sórí aṣọ. Bí ará Maroko tàbí ará Otodo Gbame bá wà láàárín yín, ẹ fún wọn ní ojú tó wà láàárín gbùngbùn. Kí wọ́n ya ìlú wọn bí wọ́n ṣe rántí rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Púpọ̀ nínú wa tó dé ilẹ̀ yìí lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà tán, aṣọ tuntun la ní. Ilé wa tuntun, orúkọ ẹ́sítéètì wa tuntun. Àkísà ilẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ àwọn tó ti wà níbí kí a tó dé. Bí a ò bá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí, wọ́n á dì í mọ́ra lọ sí sàréè. Bí aṣọ náà bá parí, ẹ so ó kọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i: nínú gbọ̀ngàn àdúgbò, lára ògiri ilé-ìwé, tàbí ní ojúde ọba. Kí ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé-ìwé dúró níwájú rẹ̀, kó nawọ́ sí ojú kan, kó ní, ‘Èyí tí ìyá wa yà rèé.’

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún dúró lábẹ́ bíríìjì Ajah, tí kọ̀ńdọ́ bá ń ké Ikota, Agungi, Ikate, ẹ fi etí inú gbọ́ àwọn orúkọ tí kò pè mọ́. Ẹ mọ ọ̀kan, àbí? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sọ orúkọ ibì kan tó ti parẹ́ ní àdúgbò yín àti ohun tí ẹ rántí nípa rẹ̀. A ó ka wọ́n sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé lórí ètò tó ń bọ̀.

Títí di ìgbà náà, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ilé, kó máa ṣọ́ ọ̀nà. Ó dàbọ̀ o.